Tó o bá ti pa log rẹ́, inú kí ni sáfà ṣì ń kọ̀wé sí?

Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àbúrò wa kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá ló bi mí, kò tiẹ̀ bi mí bí ẹni tó ń retí èsì, ó bi mí bí ẹni tí nǹkan ti sú ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa log yẹn rẹ́ o, mo wo fóldà, kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n dísìkì ṣì kún fọ́fọ́. Inú kí ni nǹkan yìí wá ń kọ̀wé sí báyìí?" Log ni fáìlì tí app ti ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ní ìlà ìlà, sáfà sì ni kọ̀ǹpútà (server) tí app ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Èsì tí gbogbo ayé máa ń fúnni lórí ọ̀rọ̀ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: restart ẹ̀ jàre. Òótọ́ sì ni, tẹ́ ẹ bá restart, àyè á padà wá, kálukú á lọ jẹun. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé èèyàn lè máa restart títí tó fi máa di ọ̀gá láìmọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ò sì mọ ìdí ẹ̀ yẹn náà ló máa jókòó kọ config logrotate (irinṣẹ́ Linux tó ń yí log àtijọ́ kúrò lọ́nà kó má bàa kún dísìkì) fún sáfà tí owó àwọn èèyàn ń gba inú ẹ̀ kọjá, wàhálà ọ̀hún á tún yọjú lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á tún restart. Mo mọ àwọn kan lórí Mainland yìí tí wọ́n ti kọ cron (iṣẹ́ tí sáfà ń fúnra ẹ̀ ṣe tí aago bá tó) tó ń restart app ní gbogbo òru, maintenance ni wọ́n sì ń pè é.

## Orúkọ kọ́ ni fáìlì

Lórí Linux, orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń rí tẹ́ ẹ bá tẹ `ls` kọ́ ni fáìlì gan-an. Inode ni fáìlì gan-an, nọ́ńbà kan tí filesystem (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) fi mọ ibi tí dátà wà, ẹni tó ni ín àti bó ṣe tóbi tó. Fóldà kàn ń fi orúkọ tọ́ka sí nọ́ńbà yẹn ni. Tí process (ìyẹn app tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) bá fẹ́ ṣí fáìlì, orúkọ ló máa fi wá a débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣí i tán, ọ̀rọ̀ orúkọ ti parí nìyẹn, inode ló dì mú, kernel (ọkàn Linux gan-an) á sì fún un ní nọ́ńbà kékeré kan tí yóò máa fi bá fáìlì náà ṣe, òun ni file descriptor. Látìgbà yẹn lọ, ẹ lè yí orúkọ padà, ẹ lè gbé e lọ sí fóldà míì lórí dísìkì kan náà, ẹ lè pa orúkọ rẹ́ pátá, process ò ní mọ̀, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó máa sọ fún un.

Bí ẹni tú bọ́ọ̀dù iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Tẹ̀júoṣó lóru, tó gbé òmíì kọ́ síbẹ̀, ni. Télọ̀ tó wà nídìí máṣíìnì nínú lọ́hùn-ún, aṣọ ló ń rán lọ.

Nǹkan tó wá yẹ kó yé èèyàn ni pé kernel ò ní dá àyè dísìkì padà títí tí nǹkan méjì á fi ṣẹlẹ̀ pọ̀: kí orúkọ tó ń tọ́ka sí inode náà tán, kí process tó ṣí i sílẹ̀ sì tán. `rm`, àṣẹ tá a fi ń pa fáìlì rẹ́, àkọ́kọ́ nìkan ló ń bá yín ṣe. Ìdí nìyẹn tí `df` fi máa ní dísìkì kún, tí `du` á ní òun ò rí nǹkan kan, tí àwọn méjèèjì ò sì purọ́. Inú fóldà ni `du` ti ń ka orúkọ kiri, ohun tí ò lórúkọ mọ́ ò sí nínú ìwé tiẹ̀. Filesystem gan-an ni `df` bi léèrè.

## Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè

Sáfà tá à ń sọ yìí, Frankfurt ní Jámánì ló wà, àwa wà ní Yábàá, àwọn tó ń lò ó wà ní Mushin, Agége, Ìkòròdú, oní-POS ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ sì mọ bí ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ṣe máa ń rí fún oní-POS. App wa, ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní `owo`, ti ń sọ "No space left on device" lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan ti ṣí debug sílẹ̀ láti ọ̀sán nítorí ó ń wá ẹ̀sùn kan, debug sì ń tẹ gbogbo nǹkan tó bá wọlé jáde, log wú. Àbúrò wa rí fáìlì tó tóbi jù, ó pa á rẹ́, `df` ò yí padà. Ìgbà yẹn ló bi mí ní ìbéèrè tí mo sọ lókè.

Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí `systemctl restart`. Mo ní kó mú sùúrù díẹ̀. App yẹn ní àwọn transaction tó ṣì wà lórí ìrìn nínú memory, tẹ́ ẹ bá fi tipátipá pa á ní irú wákàtí yẹn, ẹ ó fi òpin ọ̀sẹ̀ dáhùn ìpè àwọn tí wọ́n ti yọ owó wọn tí ẹni tó yẹ kó gbà á ò rí i. Mo ní kó tẹ eléyìí kọ́kọ́:

`sudo lsof +L1`

Ohun tí `+L1` ń sọ ni pé: fi àwọn fáìlì tí process kan ṣì ṣí sílẹ̀ hàn mí, tí orúkọ tó ń tọ́ka sí wọn kò tó ẹyọ kan. Ìlà bíi mẹ́ta ló jáde. Méjì kò ní láárí. Ìkẹta ni `owo`, file descriptor 1, ìyẹn stdout ẹ̀, ibi tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde sí, gígùn ẹ̀ lé ní gíìgì 30, NLINK (iye orúkọ tó kù fún un) jẹ́ 0, lópin ìlà náà wọ́n kọ orúkọ tí àbúrò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́, wọ́n sì fi deleted tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì wà o." Mo ní, "Ó wà dáadáa." Ó wá tún tẹ `lsof` yẹn lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà ti ga sí i. Lójú wa báyìí, fáìlì tí kò sí nínú fóldà kankan ń dàgbà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà fún èmi náà nìyẹn, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n látẹnu ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó ti ẹlòmíì tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó tún nǹkan rò. Ó rò pé òun ti pàṣẹ fún app. Kò pàṣẹ fún app rárá, fóldà ló bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà àti dé ọ̀dọ̀ fáìlì náà ṣì wà, inú `/proc` ni. Tí PID `owo` (nọ́ńbà process ẹ̀) bá jẹ́ 4127, `/proc/4127/fd/1` ni ilẹ̀kùn ibẹ̀, orúkọ ì báà má sí. Ó fẹ́ sọ ọ́ di òfìfo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní rárá. Bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn, inú log yẹn náà ni ìdí tí gbogbo nǹkan fi dàrú wà, ìwọ wá fẹ́ nù ún nù. A fi `tail -c 200M /proc/4127/fd/1` gé ìparí ẹ̀ sórí dísìkì míì, lẹ́yìn náà la tó ṣe eléyìí:

`sudo truncate -s 0 /proc/4127/fd/1`

`df` já wálẹ̀, àwọn oní-POS ń bá iṣẹ́ wọn lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Yábàá.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ ọ́ di àbá tẹ́ ẹ ó máa lò lójoojúmọ́ o. Fáìlì yẹn ṣì wà láìlórúkọ, gbogbo ìlà tí app bá kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi `less` wò ló ń lọ. A padà restart lóru nígbà tí ọjà ti tú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa la yan wákàtí tá a fẹ́.

## Kò sẹ́ni tó tẹ rm

Àbúrò wa rò pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí èèyàn má fi ọwọ́ pa log rẹ́. Ó ní òun á kọ config logrotate, kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń tẹ `rm` mọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí logrotate ń ṣe gan-an, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń da config látinú ti ẹlòmíì láìkà á.

Tí àkókò bá tó, á yí orúkọ `app.log` sí `app.log.1`, tẹ́ ẹ bá sì fi `create` sí i, á dá `app.log` tuntun tó ṣófo sílẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó sọ fún app, inú `app.log.1` ni app á máa kọ̀wé sí lọ, `app.log` tuntun á wà níbẹ̀ lófìfo. Tó bá jẹ́ pé `notifempty` wà nínú config yín, á tún burú sí i, nítorí lọ́jọ́ kejì logrotate á wo `app.log`, á rí i pé ó ṣófo, á ní kò sí nǹkan tí òun fẹ́ yí, á kọjá lọ. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. `app.log.1` á máa wú, ẹ̀yin á máa wo `app.log`, ẹ ó ní ọjọ́ wọ̀nyí mà dákẹ́ o, kò sí error kankan.

Tẹ́ ò bá sì fi `notifempty` sí i, àmọ́ tí `compress` wà láìsí `delaycompress`, ìyẹn ló wá jọ tiwa gẹ́lẹ́. Bó ṣe yí orúkọ tán ni yóò fi gzip (tó ń fún fáìlì pọ̀) di `app.log.1`, á kọ `app.log.1.gz`, á sì pa `app.log.1` rẹ́. Inode tí app dì mú ti dòkú tó ṣì ń mí nìyẹn, gbogbo ohun tó bá kọ lẹ́yìn ìgbà náà ti wọgbó. Kò sẹ́ni tó tẹ `rm`, config ló tẹ̀ ẹ́ fún yín láàárín òru. `delaycompress` ní kó di ọjọ́ kejì kó tó fún fáìlì náà pọ̀, kí process tó bá ń fà sẹ́yìn lè rí àyè kọ ìlà tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ kan tí àwọn tó ń lo nginx (sáfà wẹ́ẹ̀bù kan) máa ń tẹ̀ lé, ẹ máa rí `sleep 1` láàárín ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí nginx àti ìgbà tí wọ́n gzip. Ẹni tó bá yọ `sleep` yẹn kúrò nítorí pé kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe, kó dúró de ìgbà tí àwọn worker (process tó ń ṣiṣẹ́ fún nginx) bá pọ̀.

## Ẹyẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹyẹ

Wọ́n ní ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ log, ẹyẹ tí ò bá sọ ti dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí rotation ní ìfọkànbalẹ̀ ni kí ẹnì kan sọ fún process pé: pa èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ dé, fi orúkọ wá fáìlì lọ lákọ̀tun. Signal la fi ń sọ ọ́, ìyẹn ìránṣẹ́ kékeré tí kernel ń bá wa jẹ́ fún process, bíi USR1 àti HUP. nginx ń gbọ́ USR1, ohun kan náà ni `nginx -s reopen`. gunicorn náà ń gbọ́ USR1, PHP-FPM náà. rsyslog, HUP ni tiẹ̀. MySQL ní `FLUSH LOGS`. PostgreSQL tó bá ń lo logging_collector ń yí tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ rèé o: HUP àti USR1, tí process kan ò bá kọ́ bó ṣe máa gbà wọ́n, ikú ni. Ohun tí kernel fi wọ́n ṣe láti ìpilẹ̀ ni kí process kú. Nítorí náà ẹni tó da `postrotate` nginx (àṣẹ tí logrotate ń ṣe tó bá yí orúkọ tán), tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ app tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, tí app náà ò mọ USR1, ó ń pa app yẹn ní gbogbo òru, systemd (tó ń bójú tó àwọn app lórí Linux) á sì tún gbé e dìde nítorí `Restart=always`, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ẹni tó bá ń ka ìgbà tí app bẹ̀rẹ̀. A wo kóòdù `owo`, kò mọ USR1. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ fi ìlà díẹ̀ kún un kó tó mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn la tó kọ eléyìí:

```
/var/log/owo/app.log {
    daily
    maxsize 1G
    rotate 14
    compress
    delaycompress
    missingok
    notifempty
    create 0640 owo adm
    postrotate
        systemctl kill -s USR1 --kill-who=main owo.service
    endscript
}
```

`--kill-who=main` yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Tẹ́ ò bá kọ ọ́, `systemctl kill` á fi signal náà ránṣẹ́ sí gbogbo process tó wà lábẹ́ service yẹn, títí kan script kékeré tí app pè láti ṣiṣẹ́ kan, èyí tí ò mọ USR1 nínú wọn á kú láìjẹ̀bi.

`maxsize` náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àbúrò wa fi ọkàn balẹ̀ pé tí log bá ti kọjá gíìgì kan, á yí. Èmi bi í pé ta ló máa wò ó? logrotate kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sójú ọ̀nà, timer tàbí cron ló ń jí i, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lórí ọ̀pọ̀ sáfà. Tí debug bá fi ọ̀sán kan ṣoṣo kún dísìkì, `maxsize` á ṣì wà lójú oorun. A ní láti yí timer ẹ̀ sí wákàtí wákàtí. Ẹ má sì gbàgbé pé stdout tí app ń kọ sí fáìlì láti ìta, bíi `>> app.log`, USR1 ò lè ràn án lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí app kọ́ ló ṣí fáìlì náà, shell tàbí systemd ló ṣí i fún un. A kúkú ní kí `owo` máa ṣí log ẹ̀ fúnra ẹ̀.

## Àwọn tí kì í gbọ́

Kí lẹ wá máa ṣe fún app àtijọ́ tí kóòdù ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín, tí kò gbọ́ signal kankan? `copytruncate` nìyẹn. logrotate á da fáìlì kọ síbòmíì, á wá gé ti àkọ́kọ́ sí òdo, inode ò yí, app ò mọ nǹkan kan. Ó rọrùn débi pé àwọn kan ń lò ó fún gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe ẹbọ́lọ́ kó má rùn igbẹ́: láàárín ìgbà tó dà á kọ tán àti ìgbà tó gé e, ìlà tí app bá kọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lórí app tí kò fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan, kò burú. Lórí ohun tó ń kọ àkọsílẹ̀ owó, èmi ò ní gbà á.

Ìkejì ẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Tó bá jẹ́ `>` ni wọ́n fi ṣí fáìlì náà dípò `>>`, process yẹn rántí ibi tó kọ̀wé dé. Ẹ gé fáìlì sí òdo, òun á lọ tẹ ìlà tó kàn sí ibi gíìgì 10 tó wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ààyè tó wà níwájú á di òdo tí kò ṣe é rí. `ls -l` á ní fáìlì tóbi gan-an, `du` á ní ó kéré, tẹ́ ẹ bá sì fi `grep` wá nǹkan nínú ẹ̀ á ní "Binary file matches", á sì panu mọ́. `>>` ń mú O_APPEND dání, ìyẹn ní kí gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ láti ìparí fáìlì bó ṣe wà lásìkò yẹn. Àmì kékeré kan lásán ló wà láàárín méjèèjì.

Fún àwọn ará Python: `RotatingFileHandler` dára fún process kan. Tí gunicorn (sáfà tó ń gbé app Python dìde) bá gbé worker mẹ́rin dìde tí gbogbo wọn ń fi `RotatingFileHandler` kọ sínú fáìlì kan náà, kálukú á máa yí orúkọ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́. `WatchedFileHandler` ló bá logrotate mu, kó tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ wò ó bóyá inode tó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn ti yí padà, tó bá ti yí, á ṣí tuntun. Ẹni tó bá ń lo Docker (tó ń ti app mọ́ inú container) náà, kó lọ wo `/var/lib/docker/containers`, nítorí json-file, ọ̀nà ìkọ log tó jẹ́ ti ìpilẹ̀, kì í rotate rárá àyàfi tẹ́ ẹ bá fún un ní `max-size` àti `max-file`.

## Ta ló ni fóldà yẹn?

Eléyìí lèmi rò pé a kì í sọ tó. logrotate, root (ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí sáfà) ló sábà máa ń ṣe é. Tí fóldà log bá jẹ́ ti ẹlòmíì tí kì í ṣe root, ẹni yẹn lè fi symlink (orúkọ lásán tó ń darí èèyàn sí fáìlì míì) rọ́pò fáìlì, kó wá jókòó de root kó wá bá a ṣiṣẹ́. Ní 2016, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nginx inú Debian (ẹ̀yà Linux kan) nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fún àlébù náà ni CVE-2016-1247: `/var/log/nginx` jẹ́ ti www-data, orúkọ tí wẹ́ẹ̀bù fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ti gba inú wẹ́ẹ̀bù wọlé gẹ́gẹ́ bíi www-data lè yọ `error.log`, kó fi symlink tó lọ sí fáìlì root síbẹ̀, kó wá dúró de logrotate òwúrọ̀. logrotate á ránṣẹ́ USR1, master nginx tó jẹ́ root á ṣí ohun tí symlink tọ́ka sí, ó parí. Inú àṣà ìmọ́tótó ojoojúmọ́ ni olè gbà wọlé.

Yàtọ̀ síyẹn, tí logrotate bá rí fóldà tí group míì tàbí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí, á kọ̀, á ní "parent directory has insecure permissions", á sì fo log yẹn. Kò ní pariwo. Ẹ ó ṣáà rí i lọ́jọ́ kan pé log kan ò yí láti oṣù mélòó kan. Ìlà `su` ló ń yanjú ẹ̀, kó fi orúkọ ẹni tó ni fóldà ṣe é. Ẹ máa wo `systemctl status logrotate` lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa fi `logrotate -d` dán config wò kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi `-f` yí i tán, ẹ wo `/proc/PID/fd`. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá app gbọ́.

## Ọjọ́ mélòó?

Nígbà tá a kọ `rotate 14`, ìyẹn fáìlì àtijọ́ 14, tó máa jẹ́ ọjọ́ 14 tí `maxsize` ò bá tètè yí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àǹtí tó ń bójú tó compliance (pé ká máa pa òfin mọ́) lọ́fíìsì wa gbọ́ pé ọjọ́ 14 ni, wọ́n ní ta ló yan ọjọ́ 14? Èmi àti àbúrò wa wo ara wa. Dísìkì ló yàn án.

Wọ́n ní Cybercrimes Act ti 2015, abala 38, sọ pé kí service provider tọ́jú traffic data fún ọdún 2. Wọ́n ní Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ tọ́jú dátà ara ẹni kọjá bó ṣe yẹ. Bóyá irú ilé iṣẹ́ tiwa wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, lọ́yà ni kó dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká ṣí ọ̀kan nínú àwọn gz yẹn fún àwọn. A ṣí ọ̀kan: nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ, gbogbo ẹ̀ gbalaja, èyí tí mo sì ní ká gé sórí dísìkì míì ní Fúráìdè yẹn náà ní tiẹ̀ nínú. Fáìlì tí à ń bẹ̀rù pé á kún dísìkì ló ń kó àṣírí èèyàn kiri.

Wọ́n tún rí nǹkan kan tí àwa ò rí. Aago sáfà jẹ́ UTC (aago àgbáyé), Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀, a sì ti ní kí timer jí i ní gbogbo wákàtí láti ọ̀gànjọ́ òru UTC, ìyẹn aago 1 òru tiwa. Transaction tí ẹnì kan ṣe ní aago 12:20 òru Sátidé ní Súrùlérè, inú fáìlì Fúráìdè ló bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá sì fi `dateext` sí i, ọjọ́ tí wọ́n yí fáìlì ló máa wà lára orúkọ ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá lo `dateyesterday`. Àwọn ọmọ support wa ti ń wá ẹ̀sùn oníbàárà nínú fáìlì tí kò yẹ, wọ́n á ní, "Màmá, a ò rí transaction yín o."

A ti yanjú díẹ̀ nínú ẹ̀. App ń bo nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, debug ò lè wà ní ṣíṣí ju wákàtí kan lọ, ọjọ́ 14 ló wà lórí sáfà, èyí tó kù ń lọ sí storage níbòmíì tí ẹni méjì péré lè ṣí. Ohun tó kù ni ẹni tó máa pa ti storage rẹ́ tí ọdún 2 bá pé. Compliance ní iṣẹ́ wa ni, àwa ní iṣẹ́ compliance ni, ọ̀gá àgbà sì ti ní ká jọ wá ní Mọ́ńdè, ká mú iye tí storage ń jẹ lóṣù dání, ní náírà, kì í ṣe ní dọ́là.